Ta Ló Ní Kí Ẹ Sọ Pé Ẹ Ti Yó?

Ìyá Ọlọ́mọ tó kọ̀wé láti Kuje, ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, mo ti ka lẹ́tà yín tán. Ẹ bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni wáìnì tí ọmọ yín mu lójú yín, bóyá kí ẹ bẹ ọkọ rẹ̀, bóyá inú tó ń bí ọmọ náà sí yín tọ́, àti bóyá kí ẹ gbà bó bá tún ní kí ẹ wá lọ́dún tó ń bọ̀. Màá dé orí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ojú ewé kejì tí kò jẹ́ kí n lè fọkàn sí ìyókù. Ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni, bí ohun tí kò tó nǹkan: “Gbogbo ìgbà tí ọmọ mi bá fẹ́ ra oúnjẹ fún mi ni mò ń sọ pé mo ti yó. Ebi sì ń pa mí. Ìgbà tí a délé, tí wọ́n ti sùn, ni mo wá búrẹ́dì jẹ.”

Búrẹ́dì! Ẹni tí wọ́n gbé láti Kuje dé Florida, tí wọ́n sanwó fún lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n mú lọ síbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ oríṣiríṣi ilẹ̀ láyé, òun ló wá ń jẹ búrẹ́dì lásán nínú òkùnkùn ní ilé ìdáná ọmọ tó bí, tó ń rọra jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Màmá, ó dùn mí. Mo tún un kà, ó tún dùn mí.

Àwọn tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Epcot ni wọ́n lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tí Disney kọ́ sí ẹ̀bá ìlú Orlando. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1982 ni wọ́n ṣí i. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé orílẹ̀-èdè mọ́kànlá yí ká, láti Mẹ́síkò títí dé Kánádà, ẹni tó bá sì rìn ín yípo á rin nǹkan bíi kìlómítà méjì. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún oúnjẹ àti wáìnì nínú ọgbà yìí. Lóde òní, ìparí oṣù Kẹjọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì wọ oṣù Kọkànlá. Wọ́n á to ìsọ̀ kéékèèké sẹ́bàá ọ̀nà, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì máa ta oúnjẹ àti ohun mímu ilẹ̀ kan.

Àwo tí wọ́n fi ń ta á kéré. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín, inú sì bí yín sí i, pé ẹran tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ni wọ́n ń ta ní dọ́là mẹ́jọ. Ó kéré nítorí pé ìtọ́wò ni, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń jẹ àwo kan yó níbẹ̀. Ẹnì kan á ra ọ̀kan, ẹni méjì tàbí mẹ́ta á jọ tọ́ ọ wò, wọ́n á ní èyí dùn, wọ́n á ní tọ̀hún ò níyọ̀, wọ́n á tún rìn lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ láàárín ìsọ̀ kan sí èkejì gan-an ló gbé wọn wá. Nígbà tí ẹ ti sọ pé ẹ ti yó ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, ta ni kí ọmọ yín wá bá sọ̀rọ̀? Ẹ ní ó pín ẹran náà sí méjì, ó na ìdajì sí yín, ẹ mirí, ó sì lọ dà á nù. Ohun tó dùn yín níbẹ̀ ni pé ó da dọ́là mẹ́rin nù. Mo fẹ́ kí ẹ ro ọwọ́ tó nà á sí yín.

Ẹ ò sì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹ sọ ẹni tó kọ́ yín. Àbúrò ọkọ yín ni, tó wà ní Èkó níhìn-ín, tí ẹ fi àwòrán pátákó iye owó ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, tó sì fèsì ní kíá: “Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ iye tí dọ́là mẹ́jọ jẹ́ ní náírà ni? Ẹ má kó ọmọ yẹn sí gbèsè o!” Látìgbà náà, gbogbo ohun tí ẹ bá rí ni ẹ ń sọ di náírà, títí kan omi.

Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí ọkùnrin yìí díẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìṣirò? Dọ́là ni ọmọ yẹn ń gbà lówó oṣù, dọ́là ló fi ń san owó ilé, dọ́là náà ló fi ń ra epo sọ́kọ̀. Bí ẹ bá ń fi náírà ka ìnáwó ẹni tí kì í gba náírà, nígbà tí dọ́là kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà, kò sí ohun tó máa ṣe fún yín tí kò ní dà bí ẹni pé ẹ̀ ń yan án jẹ. Ife tíì kan á di ìwà ọ̀dájú. Ẹ sì tún kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín pé òun kan náà ló ní kí ẹ bá òun gba fóònù bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ṣé ó ṣírò ti fóònù? Ẹni tó jókòó sílé, tí kò san kọ́bọ̀, tí kò rìn dé ibẹ̀, ló dá ìyá dúró kó má jẹun nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Inú ń bí mi sí i gan-an. Àwa Yorùbá ti sọ ọ́ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ibo ló ti gbọ́ pé kí òkété máa ṣírò iye tí wàrà ń lọ?

Mi ò ní owó ò sí níbẹ̀ o. Owó ìwọlé àgbàlagbà kan lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, oúnjẹ sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé ti lọ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, ebi yín kò sì dá kọ́bọ̀ padà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìnáwó ló ń jẹ yín lọ́kàn lóòótọ́, ọ̀nà wà tí ọmọ yín ìbá fi hàn yín ká ní ẹ sọ fún un. Wọ́n gba èèyàn láàyè láti gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ inú ọgbà náà, bí kò bá ti sí ìgò àti ọtí nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́ínmọ́ín sè tó bí ẹ ṣe sọ, ẹ ìbá sè é láàárọ̀, ẹ ìbá dì í dání, ẹ ó fi bo inú, ẹ ó wá máa tọ́ tiwọn wò. Omi tútù náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bù ú fúnni níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ohun mímu. Òùngbẹ tí ẹ mú mọ́ra nínú oòrùn Florida yẹn, lásán ni.

Ní ti wáìnì: ọmọ yín ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ife kan ló mu, ọkọ rẹ̀ ló sì wakọ̀ lọ sílé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ sí i.

Ọ̀rọ̀ owó yìí rán mi létí lẹ́tà mìíràn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí obìnrin nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí mi láti Houston. Bàbá rẹ̀ wá kí i láti Ìjẹ̀bú. Gbogbo owó tó ń fún bàbá yìí pé kó fi ra ohun tó bá wù ú, bàbá ò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń padà bọ̀ wálé, ní pápákọ̀ òfurufú, ó na àpòòwé kan sí ọmọ rẹ̀. Owó náà ló wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, ó sì ti kọ ọjọ́ tó gbà á àti iye rẹ̀ sínú bébà. Ó rò pé inú ọmọ á dùn. Obìnrin náà ní òun sunkún títí òun fi délé, ó ní ó dà bíi pé bàbá òun ò wá sílé òun rárá. Bàbá yẹn ò rí ààyè wá mọ́ kó tó kú. Ohun tí obìnrin náà wá bi mí ni kí ni kí òun fi owó inú àpòòwé ṣe. Mo ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ jẹun, kó sì sọ fún wọn pé bàbá àgbà ló sanwó.

Mo fẹ́ bá yín dá sí ọ̀kan nínú ẹ̀dùn ọkàn yín. Ẹ ní ẹ yí adágún náà ká, ẹ ń wá ilé Nàìjíríà, ẹ ò rí i. Òótọ́ lẹ sọ. Morocco nìkan ló ní ilé níbẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ọdún 1984 ni wọ́n sì ṣí i. Nígbà tí wọ́n ń ṣí Epcot, wọ́n ṣèlérí ilé kan fún àwọn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, òǹkọ̀wé Alex Haley pàápàá bá wọn polongo rẹ̀. Wọn ò kọ́ ọ. Ìlù tí ẹ rí láàárín ilé Ṣáínà àti ilé Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ibẹ̀ ni ilé náà ìbá wà.

Ṣùgbọ́n Kuje lẹ ti lọ, Màmá! Ẹ ní ẹ ti gbọ́njú nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac. Ọdún márùn-ún kí Epcot tó ṣí, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, Èkó gba àlejò àwọn aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta níbi àjọ̀dún FESTAC. Olórin wá, oníjó wá, eléré orí ìtàgé wá, àwọn ọ̀mọ̀wé wá. Ibi tí wọ́n sùn sí, tí wọ́n sì ti jẹun, ni Festac tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀, tí wọ́n wá pín ilé rẹ̀ fáwọn èèyàn lẹ́yìn àjọ̀dún. Ọmọ yín lọ ra bisikíìtì ní First Avenue àti Second Avenue ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, ẹ sì ní kò mọ ohun tó bí orúkọ Festac. Ẹ̀bá adágún yẹn ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu yín méjèèjì. Ìyẹn ni tiyín tí ẹ ìbá gbé sílẹ̀ níbi àjọ̀dún oúnjẹ náà. Kò ní í ná yín ní dọ́là kankan.

Ó tó. Mo ti pariwo jù.

Màmá, mo mọ ibi tí “mo ti yó” yẹn ti wá. Nígbà tí àwọn ọmọ kéré, tí oúnjẹ ò tó, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ ti jẹ lọ́jà. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú orí ẹja, tí ẹ ní òun lẹ fẹ́ràn jù, kí wọ́n lè rí ara rẹ̀ jẹ. Ọmọ mẹ́rin ni ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ yanjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ṣe é dáadáa.

Ẹ pe ọmọ yín lónìí. Ẹ má dúró dè é kó pè. Ẹ ò ní láti máa tọrọ àforíjì lọ títí, ẹ kàn sọ òótọ́ fún un pé ebi pa yín lọ́jọ́ yẹn, pé ẹ̀rù owó ló bà yín. Mo rò pé inú tó ń bí i, ìrònú pé ìyá òun ò gbádùn ohunkóhun tí òun ṣe ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń pe ẹran tó pín yẹn. Ọkọ rẹ̀ ò nílò ẹ̀bẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wa yín lọ, ó wa yín bọ̀. Bí wọ́n bá sì tún ní kí ẹ wá, ẹ lọ.

Ẹ ní ó ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jọ lọ jẹ ẹja àrọ̀ yíyan ní Festac, ẹ̀yin méjèèjì péré. Òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó sanwó. Ẹ jẹ ààrin ẹja náà, kí òun mú orí.

Bó bá sì wá padà lọ tán, ẹ má jókòó sílé. Láti ọdún 2016 ni ilé ìfowópamọ́ GTBank ti ń ṣe àjọ̀dún oúnjẹ tiwọn ní Oniru, lásìkò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, àfi ìgbà tí Kòrónà dá a dúró. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2, èyí tó ti ń kó èrò lọ sí Marina láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ó máa ń dúró lẹ́bàá ilé tí wọ́n ń pè ní National Theatre tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC kan náà, ẹ sì lè fi han àwọn ọmọ-ọmọ yín láti ojú fèrèsé. Láti Marina, ẹ wọ mọ́tò tó ń lọ sí Victoria Island, níbi tí Oniru wà. Kí ẹ mú àbúrò ọkọ yín yẹn dání, kó wá tọ́ nǹkan wò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n mọ ohun tí ẹ jẹ.