Omi Iyọ̀, Àhesọ àti Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu ún, Ẹ̀bólà ò ní mú yín. Ó kéré tán, èèyàn méjì kú nítorí omi iyọ̀ yẹn. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú nílẹ̀ wa, 8 kú nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń ṣọ́ gbogbo ẹni tó ti súnmọ́ aláìsàn fún ọjọ́ 21, ni wọ́n kápá rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò.

Ẹ má fi àwọn tó mu iyọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń jẹun lórí owó òòjọ́, tí wọ́n máa gba owó káàdì lọ́wọ́ rẹ̀ kí dókítà tó wò ó, iyọ̀ ni oògùn tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti onígbáméjì. Ilé tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí ìdílé púpọ̀ ń lo ṣáláńgá kan, ló ti máa ń jà jù. Àhesọ tó wà níbẹ̀ ni pé ká má fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru lómi, kí ìgbẹ́ lè dá. Irọ́ tó ń pani ni! Omi tó ń tán lára ni onígbáméjì fi ń pa èèyàn, láàárín wákàtí díẹ̀ nígbà mìíràn.

Bí ẹ kò bá rí ORS, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, rà, ẹ wá omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn omi ọ̀rá 50cl méjì. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà sí i, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí tíì. Ẹ má jẹ́ kó ga kọjá etí ṣíbí náà. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fún aláìsàn náà mu díẹ̀díẹ̀, léraléra, bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má já ọmọ ọwọ́ lẹ́nu ọmú.

Bí wọ́n bá fi ìròyìn oògùn kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì àdúgbò léèrè, tàbí kẹ́ ẹ pe NCDC, àjọ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn nílẹ̀ wa, lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ ní bohóólù, ẹ jẹ́ kí àdúgbò pọnmi lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí òṣìṣẹ́ yín bá ní inú ń run òun, ẹ fún un lówó ọjọ́ náà, kó lọ gba ìtọ́jú. Ebi ilé ló ń mú kí ìyá tó ń ṣàìsàn ṣì gbé oúnjẹ lọ sọ́jà lọ tà.