Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÈÉBÚ KÒ LÈ MÚ KÍ ỌMỌ FỌN

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn ọmọ wa tó ti ń bàlágà, tí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ká tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ tiwa. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14. "Orobo" là ń pè é níwájú oníbàárà, a á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan la bá a lẹ́yìn àpò ìrẹsì, ó ń jẹ búrẹ́dì Agége, omijé ń dà lójú ẹ̀. Èébú wa ló ń lé e sídìí oúnjẹ.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 390 ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù láyé. Àwa tí a ń tajà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ṣebí búrẹ́dì àti mínírà tí kò tà làwọn ọmọ ń jẹ lálẹ́?

Lọ́dún 1983, William Miller ará Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí a ṣe ń bá ẹni tí ọtí ti di bárakú fún sọ̀rọ̀: má bá a jà, bi í léèrè, kí o sì fetí sílẹ̀. Lónìí, àwọn dókítà ń lò ó fún ọ̀dọ́ tó sanra. Bó ṣe rí nìyí:

1. Ẹ dúró kí ọjà tú, kó ku ẹ̀yin méjì. Ẹ ní, "Ṣé ká jọ sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ díẹ̀?" Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

2. Ẹ bi í: "Láti 1 dé 10, mélòó lọ̀rọ̀ yìí jẹ ẹ́ lógún tó?" Bó bá ní 4, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò tó 10. Ẹ ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe 1?" Ẹnu ara ẹ̀ ni yóò fi sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà.

3. Ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ mú ohun kékeré kan. Tiwa ní omi lòun á máa mu dípò mínírà. Gbogbo ilé la jọ ń ṣe é.

Ẹ má febi pa ọmọ, ẹ má fún un ní àgbo ìfọnra. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù ìjọba, bíi LASUTH ní Ìkẹjà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Bó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ bì, tàbí ó ní ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ọmọ wa kò tíì fọn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò fara pamọ́ jẹun mọ́. Àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ ká yọ obì o. Ajé á wọlé dè wá.