Má Ju Páálí Yẹn Nù Mọ́

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìbàdàn,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, àmọ́ ojú kan ni ọkàn mi há sí. O ní alaalẹ́ ni o ń tẹ́ páálí sábẹ́ Peugeot 504 tí bàbá yín fi sílẹ̀, kí ohun tó ń kán má baà ba íńtálọ́ọ̀kì jẹ́. O ní kí màmá tó jí ni o ti máa ń ká a jù sórí ààtàn, torí wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa ta ọkọ̀ náà fún àwọn onírin. Kí ló dé tí o ń jù ú nù? Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn mọ́jú lo ń sọ sórí ààtàn, o wá ń béèrè ibi tí jíjò ti ń wá lọ́wọ́ mi! O ka gbogbo ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ àti iye tí o san, ṣùgbọ́n o kò sọ àwọ̀ ohun tó ń kán, o kò sì sọ bóyá iwájú ló wà tàbí ẹ̀yìn.

Lálẹ́ òní, wá páálí tó mọ́, kí ó gùn láti abẹ́ bọ́ńpà dé abẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Kọ "iwájú" sí etí rẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí táyà dúró sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, fi ìka kan ohun tó wà níbẹ̀, kí o gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sábà máa ń dúdú, ó sì ń yọ̀. Gíà ọ́ìlì ki jù ú lọ, òórùn imí-ọjọ́ rẹ̀ kò fara sin. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi tó fi àbàwọ́n ìpẹtà sílẹ̀ nígbà tó gbẹ, inú rédíétọ̀, họ́ọ̀sì tàbí pọ́ǹpù omi ló ti wá. Bíréèkì ọ́ìlì máa ń ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bó ọ̀dà ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà lápá inú ló sì sábà máa ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ òun, tàbí pẹtiróòlù, má sítáàtì ọkọ̀ náà rárá. Jẹ́ kí mẹ́káníìkì wá bá ọ nílé.

Àmọ́ níwọ̀n bí o ti ní o ń fi ọ́ìlì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni mo fura sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn mẹ́káníìkì rẹ ti ń ṣì ọ́ lọ́nà. Wọ́n rí i tó ń kán ní sọ́ọ̀mpù, wọ́n sì pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ọ̀mpù. Ṣùgbọ́n sọ́ọ̀mpù ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohunkóhun tó bá jò lókè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì 504 kò tilẹ̀ dúró ṣánṣán, ìwọ̀n 45 dígírì ni wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì ń sáré, atẹ́gùn ń gbá ọ́ìlì sẹ́yìn.

Mo rántí tíṣà kan ní Abẹ́òkúta, tí 504 tirẹ̀ ń kán níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Wọ́n ní síìlì ẹ̀yìn ni. Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n fi síìlì tuntun sí i, ó tún ń kán, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló yanjú rẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì ná. Ìdérí tápẹ́ẹ̀tì ló ń jò lápá ẹ̀yìn, tí ọ́ìlì ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ohun tó mú un jò ni pé páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ti dí. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò ríbi gbà, ló bá ń ti ọ́ìlì jáde. Wọ́n fọ páìpù, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí, ọ̀rọ̀ parí. Ta ló máa dá owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì padà fún tíṣà?

Nítorí náà, fọ tìrẹ. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, fi ọ̀rá wé dísítíríbútọ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ gbogbo ara rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Bu pọ́dà ọmọdé sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sítáàtì rẹ̀ lójú kan, má wà á lọ síbì kankan, kí o máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tí pọ́dà bá ti kọ́kọ́ rin lókè pátápátá ni orísun jíjò náà.

Ní ti mẹ́káníìkì tó sọ fún ọ pé kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí kì í jò, inú bí mi sí i. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ọkọ̀ tó gbé èrò láti Èkó dé Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé bó ṣe ń kán ọ́ìlì káàkiri ojú títì nìyẹn? Ọ̀lẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí mẹ́káníìkì yẹn sì kùn bo gbogbo etí sọ́ọ̀mpù, èyí tó bá já sínú lè dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì, nígbà náà ẹ́ńjìnnì lè nọ́ọ̀kì. Má gbé ọkọ̀ lọ bá a mọ́.

Ó tó. Mi ò bínú sí ọ. O kọ ọ́ pé inú ọkọ̀ yìí ni bàbá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀, mo sì mọ̀ pé bí o ṣe ń jí láàárọ̀ kùtù láti nu ilẹ̀, ìfẹ́ ni. Má fi pamọ́ fún màmá mọ́. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ọ ní oṣù kan péré. Ó lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni gbogbo rẹ̀. Ní báyìí ná, máa fa géèjì ọ́ìlì wò láàárọ̀ kí o tó sítáàtì. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀, fi kún un kí o tó jáde.