Kíkọ́ Àròkọ Oníròyìn: Ẹ̀yín Iná Ojú Ọ̀run

Èròńgbà: Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́.

Àlàyé ọ̀rọ̀: Yorùbá a máa sọ pé ìràwọ̀ já. Ìràwọ̀ kọ́ ló ń já, òkúta ni. Ó ń sáré kìlómítà 11, ó kéré tán, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fún pọ̀ níwájú rẹ̀ ni ó ń gbóná tí ó fi ń tàn. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ju ti Àgùàlà lọ ni a pè ní ẹ̀yín iná ojú ọ̀run níhìn-ín. Kí olùkọ́ má ṣe pe òkúta tí ó bá dé ilẹ̀ ní ẹdùn àrá. Àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ ni èyí tí àgbẹ̀ sábà máa ń hú lóko.

Àpẹẹrẹ: Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 2013, irú iná bẹ́ẹ̀ kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run Chelyabinsk, ní Rọ́ṣíà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré sí ojú fèrèsé láti wò ó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kọjá kí ìró rẹ̀ tó dé, gbàù! Gíláàsì fọ́ káàkiri. Àwọn tí ó farapa tó 1,500, gíláàsì ni ó sì ṣe púpọ̀ nínú wọn léṣe.

Kókó gírámà: Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé “iná kọ yẹ̀rì, ó sì dún gbàù” ti gbé ìṣẹ́jú méjì náà mì. “Sì” so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ àlàfo tí ó wà láàárín wọn. “Kí … tó” ni ó fi àlàfo náà hàn, inú àlàfo náà ni ènìyàn sì ti lè kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Ìró lọ́ra ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, ọdún 1962, òkúta tí ó wúwo tó kílò 18 já láti ojú ọ̀run sí Zagami, ní agbègbè Katsina, nítòsí àgbẹ̀ kan tí ó ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdò. Ìwádìí fi hàn pé láti Mars ni òkúta náà ti wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn àgbẹ̀ náà ní èdè abínibí rẹ̀, ìbáà jẹ́ Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò: kí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ni ó tẹ̀ lé e?