Kí O Tó Gbé Iṣẹ́ Ilé Rẹ Fún Ẹnikẹ́ni

Ọmọ mi, ìwọ tí o ti ra ilẹ̀, tí o sì ti gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, má tíì pe bíríkìlà. Kọ́kọ́ dá ara rẹ lóhùn: ta ni yóò máa ra ohun èlò, ojú ta ni yóò sì máa wà níbi iṣẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. O lè máa ra ohun èlò fúnra rẹ, kí o san owó iṣẹ́ nìkan. O lè kó gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, títí tí yóò fi kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ. O sì lè gbé iṣẹ́ fún un ní ìpele ìpele: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, kí ẹ máa ṣe àdéhùn tuntun bí ìpele kan bá ti parí.

Ti àkọ́kọ́ ló dà bíi pé ó dínwó jù, àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló yẹ. Bí o bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí o ń fowó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ n'Íbàdàn, jọ̀ọ́, má dán an wò. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àbúrò rẹ lè jẹ́ olóòótọ́, kí ó má sì mọ irin. Irin 12mm tó pé, tó gùn tó mítà 12, wúwo tó nǹkan bíi kílò 10.7, nítorí náà tọ́ọ̀nù kan kì í ju ẹyọ 94 lọ. Bí wọ́n bá já ẹyọ 110 sílẹ̀, yóò rò pé oníirin fi èènì sí i fún òun ni, kò ní mọ̀ pé irin náà tín-ín-rín ju èyí tí ẹlẹ́ńjìnnìà yà sínú àwòrán lọ.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe tó gba gbogbo iṣẹ́ ní iye kan ṣoṣo, owó sìmẹ́ǹtì ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá gbówó lórí kí ilé tó dé òrùlé, àfi kí agbaṣẹ́ṣe náà pa iṣẹ́ tì tàbí kí ó dín sìmẹ́ǹtì kù. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ ògiri tán, ta ni yóò rí i?

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìpele ìpele fún ẹni tó ń fi owó oṣù kọ́lé. Ṣùgbọ́n èyíówù kí o mú, má jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́lé tún jẹ́ ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò. San owó fún ẹlẹ́ńjìnnìà mìíràn, kí ó wá ka irin kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, torí lẹ́yìn ìyẹn, ó ti bò mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iṣẹ́ tó parí ni o ń sanwó fún, kì í ṣe oṣù tó parí. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tí yóò ra ohun èlò ìpele àkọ́kọ́ lọ. Mú díẹ̀ dání lára owó òrùlé títí òjò ńlá yóò fi rọ̀ sí i, kí káfíńtà lè padà wá dí ibi tó bá ń jò.