Ilé Tó Wà Nílé àti Ilé Tí A Fẹ́ Rà ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé nítorí orúkọ ọmọ lásán ni a ṣe ń wo ilé, mélòó-mélòó ni ilé fúnra rẹ̀, tí ènìyàn yóò fi òógùn ojú rẹ̀ rà ní ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí òtútù ti ń bá ni jà, tí onílé sì ń fi owó kún owó ilé lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, láti Peckham dé Woolwich, láti Thamesmead títí dé Manchester, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, tí ẹ ń tọ́jú arúgbó tí kì í ṣe ìyá yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lórí ètò ìfowópamọ́ tí ìjọba ìlú náà gbé kalẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, àti lórí ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bi ara rẹ̀ títí omi yóò fi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lifetime ISA ni wọ́n ń pe ètò náà, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi pọ́n-ùn mẹ́rin síbẹ̀, ìjọba a fi ọ̀kan lé e. £4,000 ni òpin ohun tí a lè fi pamọ́ síbẹ̀ láàrin ọdún owó orí kan, nítorí náà àfikún ìjọba kò lè ju £1,000 lọ lọ́dún. Àwa tí a dàgbà sí ìdí èésú, tí a mọ̀ pé iye tí a dá náà ni a ó kó, tí olórí èésú kì í fi kọ́bọ̀ lé e, kò yẹ kí a fojú kékeré wo irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò bá ṣí i gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kò sì gbọdọ̀ tíì pé 40. Bí ó bá ti ṣí i tán, ó lè máa fi owó sí i títí di ọjọ́ tí yóò pé 50. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́: òfin ọjọ́ orí yìí ni ó sì ń dun àwọn ènìyàn wa jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ṣiṣẹ́ nílé, tí wọ́n ti gbéyàwó, tí wọ́n ti bímọ, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 37 tàbí 38. Wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, kí àwọn san gbèsè físà, kí àwọn wá ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ. Ìgbà tí wọn yóò bá fi gbé orí sókè, ogójì ọdún ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún ni pé kí ó wá báńkì tí yóò gba owó kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi ṣí i lónìí, ìbáà ṣe pọ́n-ùn díẹ̀. Nítorí òfin mìíràn ni pé oṣù méjìlá gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí owó àkọ́kọ́ ti wọlé kí a tó lè fi ra ilé, oṣù náà kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí a ó fi fi owó kan síbẹ̀. Ẹni tó ń fi owó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ní Ìlú Ọba. Bí ó bá kó padà wálé, owó tó wà níbẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè fi òmíràn kún un.

Ilé tí a fẹ́ rà náà ní òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju £450,000 lọ, ẹ̀yáwó ìralé ni a gbọ́dọ̀ fi rà á, àwa gan-an ni a ó sì máa gbé inú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ rà á fún ayálégbé. Láti ọdún 2017 ni iye yẹn ti wà lójú kan, nígbà tí owó ilé kò dúró lójú kan, pàápàá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mo rò pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ti wà, ìmọ̀ rẹ̀ ni ààbò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn aṣojú olùtajà, tí ó fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lé iye náà nítorí kí ilé má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti sọ àfikún gbogbo ọdún nù.

Èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí ni ìtumọ̀ ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lójú òfin Ìlú Ọba, ẹni náà ni ẹni tí kò ní ilé ìgbé, tí kò sì ní in rí, ní Ìlú Ọba tàbí níbikíbi lábẹ́ ọ̀run. Ìbáà ṣe pé ó rà á, ìbáà ṣe pé ó jogún rẹ̀, ìbáà ṣe pé wọ́n fi ta á lọ́rẹ, ilé ni ilé ń jẹ́. Ilé tó wà ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Lewisham.

Ẹ wo nọ́ọ̀sì kan, irú ẹni tí kò wọ́n nínú ìjọ wa èyíkéyìí. Ọdún kejì tó dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Fídíò WhatsApp ni ó fi ń rí iṣẹ́ náà: bíríkì dé ojú fèrèsé, òrùlé aláwọ̀ búlúù gorí rẹ̀, kànga jin, géètì onírin wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀, nítorí owó rẹ̀ ni. Ayálégbé méjì wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń san ni a fi ń ra oògùn ìyá rẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, ó ń fi £4,000 sínú Lifetime ISA rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìjọba sì ti fi £3,000 lé £12,000 rẹ̀. Ó wá dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tí yóò bá a ṣe ìwé ilé, wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kí ó jẹ́rìí pé òun kò ní ilé rí níbikíbi ní ayé. Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá ní kí wọ́n dá owó náà padà fún òun, ìjọba yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfikún nìkan ni wọn yóò mú lọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin £15,000 jẹ́ £3,750, £11,250 ni yóò kù, bí a bá yọ èlé sílẹ̀, £750 nínú òógùn ojú rẹ̀ ti bá a lọ. Àfi kí ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ 60 ọdún, nítorí nígbà náà ó lè kó o láìsan ohunkóhun.

Èmi kò wí pé kí ọmọ má kọ́ ilé sílé. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, ẹni tí kò sì mọ ilé baba rẹ̀ ti sọnù. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń gbèrò láti ra ilé ní Ìlú Ọba láàrin ọdún díẹ̀, kí ó rà á ná, kí ó tó kọ́ tilé sí orúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn òbí ni a fẹ́ kọ́lé fún, kí ilé náà jẹ́ tiwọn ní tòótọ́, ní orúkọ wọn àti ní ìkáwọ́ wọn, kì í ṣe ẹ̀bùn ẹnu tí a fi ń bo ojú òfin.

Ogún ni ó tún ṣòro ju èyí lọ. Bí baba bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà wa sọ ilé rẹ̀ di ilé ẹbí, gbogbo ọmọ ni ó ni ín pọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè dá a tà; ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí a dá ní Èkó ní ọdún 1908 fìdí èyí múlẹ̀ nílé ẹjọ́ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá pín in, yálà ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, ìpín tó kan ọmọ ti di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí baba bá fi ìwé ìhágún fún un ní ilé kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, àti ẹni tó ní ilé àkọ́ìparí, kí ó gbé gbogbo ìwé lọ bá agbẹjọ́rò kí ó tó fi kọ́bọ̀ síbẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní ti tọkọtaya, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwọn méjèèjì kò bá ní ilé rí, olúkúlùkù lè lo tirẹ̀ sórí ilé kan náà. Bí ọkọ bá ti kọ́lé sí Ìjẹ̀bú kí ó tó gbéyàwó, tí ìyàwó kò sì ní nǹkan kan, ìyàwó lè lo tirẹ̀, ọkọ ni kò lè lò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún owó orí ìralé: ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Northern Ireland, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kò sí fún wọn mọ́ bí ẹnì kan nínú wọn bá ti ní ilé rí. Èyí tó burú jù ni pé bí ilé tó wà ní Ìjẹ̀bú bá tó £40,000, wọ́n lè bu ìdá kan nínú ogún owó ilé tuntun náà lé owó orí náà, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Lórí ilé £400,000, £20,000 ni.

Àwọn kan yóò máa sọ létí yín pé ta ni yóò rìn dé Ìjẹ̀bú láti wo ìwé ilẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìwé ìjẹ́rìí ni ẹ ń fọwọ́ sí, ẹni tó sì ń dúró de físà tàbí ìwé ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ fi orúkọ rere rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣì ní ti àtijọ́ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Help to Buy ISA, kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tuntun láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ lè máa fi £200 síbẹ̀ lóṣooṣù títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2029, kí ó sì béèrè àfikún rẹ̀, tí kò lè ju £3,000 lọ, kí ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2030 tó kọjá. Iye ilé tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju £250,000 lọ, àfi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbi tí ó ti jẹ́ £450,000. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo: ènìyàn lè ní méjèèjì, ṣùgbọ́n àfikún ọ̀kan ṣoṣo ni yóò lè fi ra ilé. Kí ó sì rántí pé ọjọ́ tí a bá parí ìralé ni àfikún Help to Buy ISA ń jáde. Kò wúlò fún owó àsansílẹ̀ tí olùtajà ń gbà nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti ibòmíràn, kí a sì ti sọ fún agbẹjọ́rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí yóò ti wá.