Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ju ìròyìn ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan sórí WhatsApp ìjọ yín ní Woolwich, tó ní kí gbogbo yín sáré ra ṣíà, torí arúgbó ò ní tán láyé.

Arúgbó ò ní tán lóòótọ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíà ní Woolwich àti Thamesmead, ta ló tún fẹ́ sọ ìyẹn fún yín? Bí àpẹẹrẹ, Savaria, ilé-iṣẹ́ Kánádà tó fìdí kalẹ̀ sí Laval, ń ṣe ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ṣe stairlift náà, àga tó ń gbé èèyàn gun àtẹ̀gùn. Torí ẹ̀ ló ṣe ra Handicare, tó ń ṣe irú àga bẹ́ẹ̀, ní 2021. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń gbé ìṣirò rẹ̀ jáde.

Owó tó wọlé lojú wa máa ń kọ́kọ́ bà lé. Ní 2024, ti Savaria lé ní 860 mílíọ̀nù dọ́là Kánádà. Ẹ̀fà nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n san owó òṣìṣẹ́, owó irinṣẹ́, èlé gbèsè àti owó orí, èrè tó kù kò pé 50 mílíọ̀nù. Ẹ wá bèèrè: ṣé ọjà ló tà sí i, àbí dọ́là Amẹ́ríkà tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kan ló kàn gbówó lórí? Kí ló kù nínú gbèsè? Èrè tí wọ́n bá sì pè ní "adjusted", wọ́n ti yọ àwọn ìnáwó kan kúrò níbẹ̀. Mi ò ní irọ́ ni o, àmọ́ ẹni tó ń tajà ló gbé òṣùwọ̀n dání.

Ẹni tí kò ra ṣíà kankan ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìṣirò owó kan òun náà. NRS Healthcare tó ń kó bẹ́ẹ̀dì àti àga fún ọ̀pọ̀ káńsù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wá oníbàárà tì, síbẹ̀ ó kógbá sílé ní oṣù kẹjọ 2025.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead lé ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nítorí ìkún-omi, ọ̀pọ̀ ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ kò ní yàrá nísàlẹ̀. Bí Màmá yín bá ń gbé níbẹ̀, àfi kó gun àtẹ̀gùn. Ẹ má tìtorí ìyẹn sanwó fún òǹtajà tó kanlẹ̀kùn. Káńsù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ sì wádìí èyí tó ni àdúgbò yín, torí apá kan Thamesmead wà lábẹ́ Greenwich, apá kan wà lábẹ́ Bexley. Wọ́n á rán occupational therapist wá wo ilé. Ohun èlò tí ó bá ní Màmá nílò, tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni. Fún iṣẹ́ ńlá, Disabled Facilities Grant wà, ó lè tó £30,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á yẹ owó tó ń wọlé fún un àti owó ìpamọ́ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé ẹgbẹ́ onílé Peabody, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó lu ògiri.

Bó bá jẹ́ àpò ara yín lẹ fẹ́ fi ra stairlift, VAT ẹni tó ti pé 60 ọdún lórí rírà àti síso àga náà jẹ́ 5%, kì í ṣe 20%. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa wá bí àga bá dúró sáàárín àtẹ̀gùn lóru Sátidé, àti iye tí wọn yóò máa gbà fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.